Síkẹ́ẹ̀tì Tí Alága Fi Ránṣẹ́

Alága ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í ṣe pé ó ń darí ẹgbẹ́ kankan o. Ọkùnrin yìí kò lè darí ìpàdé èèyàn méjì. Àga ló ń tún ṣe. Bí àga yín bá ti ya, tí fóòmù inú rẹ̀ ti rọ̀ pẹ̀tẹ̀, tí sípíríǹgì ń gún àlejò nídìí, òun lẹ máa gbé e lọ bá. Á tú awọ àtijọ́ dànù, á ki fóòmù tuntun bọ̀ ọ́, á wọ̀ ọ́ láṣọ, á fi ìṣó olórí pẹrẹsẹ kàn án yíká, ẹ ò sì ní dá àga yín mọ̀ mọ́. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà. Ọwọ́ rẹ̀ já fáfá. Ẹnu rẹ̀ ni kò ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa sì wà.

Ìyàwó rẹ̀, ẹni tó máa ń pè ní Dúdú, ti lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú kan tó jìnnà, ọ̀nà ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀. Àgbàrá ló fà á. Òjò ńlá kan rọ̀, omi ya wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ba máṣìn méjèèjì jẹ́, ó gbé fóòmù lọ, awọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà sì jẹrà mọ́lẹ̀. Alága jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó fọwọ́ lẹ́rán. Dúdú ni kò fọwọ́ lẹ́rán. Ó ní òun ti gbọ́ nípa ìdílé kan tó ń wá ẹni tí yóò máa tọ́jú ìyá wọn àgbà, pé òun á lọ ṣe é fún ọdún méjì kí ṣọ́ọ̀bù lè dìde padà. Ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Ó ń wẹ ìyá àgbà, ó ń fún un lóúnjẹ, ó ń ka ìwé ìròyìn sí i létí. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo sì ti wà nílé ọkọ, nítorí náà Alága nìkan ló kù sílé.

Ní báyìí, ṣọ́ọ̀bù ti dìde. Máṣìn tuntun ti dé. Ọdún méjì ku oṣù kan kó pé. Kò sí ohun tó tún kù ju kí ìyàwó máa bọ̀ wálé lọ.

Ni Dúdú bá pè ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ojúgbà ni àwọn méjèèjì, ọ̀rẹ́ ni wọ́n kí wọ́n tó di tọkọtaya, wọn kì í bá ara wọn lo ọ̀wọ̀ púpọ̀.

"Àwọn ọmọ Màmá ní kí n tún fọwọ́ sí ìwé ọdún méjì míì," ló wí. "Wọ́n fẹ́ gbọ́ èsì kí oṣù yìí tó parí. Kí lo rí sí i?"

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó wà níkùn Alága fún yín. "Rárá o! Máa bọ̀ wálé! Àárò ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí!" Ohun tó wà níbẹ̀ nìyẹn, ó sì ti gòkè dé ọ̀nà ọ̀fun. Ọ̀nà ọ̀fun náà ló dúró sí. Ó ronú pé obìnrin tó fi ọdún méjì wẹ ìyá oníyàá nítorí ṣọ́ọ̀bù òun, òun kò lẹ́nu láti máa pàṣẹ fún un. Ó ronú pé bóyá ibẹ̀ ti mọ́ ọn lára, bóyá ó ń gbádùn rẹ̀, pé bí òun bá ní kó máa bọ̀, á wá nítorí òun, á sì máa kábàámọ̀ rẹ̀ nínú ilé òun. Gbogbo ìrònú yìí kò gbà á ní ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló la ẹnu.

"Ohun tó bá dára lójú ẹ ni kí o ṣe."

"Ó dáa," ni Dúdú wí. "Mo ti gbọ́." Ó bi í bóyá ó ti jẹun, Alága ní òun ti jẹun, wọ́n sì dágbére fún ara wọn.

Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ọkùnrin yìí! Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyàwó wà lórí fóònù, ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó gbé e mì. Ó wá lọ ń wá abẹ́rẹ́ àti òwú tí yóò bá a sọ ọ́.

Torí ohun tó rò ó sí nìyẹn. Nígbà kan, kí omi tó ba nǹkan jẹ́, àwọn méjèèjì ń rìn lọ lójú pópó, obìnrin kan sì gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nínú síkẹ́ẹ̀tì àwémọ́ra, irú èyí tí wọ́n ń wé mọ́ ìbàdí, tí wọ́n á fi okùn rẹ̀ so ó lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá ṣe ń rìn. Dúdú wo obìnrin náà títí ó fi yà lọ. "Gbogbo àga ìlú yìí lo ti wọ̀ láṣọ tán," ló wí, "o ò tíì rán nǹkan kan fún ìyàwó ẹ rí." Àwàdà ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Alága lára. Ó wá rò ó lọ́jọ́ Àìkú yẹn pé bí òun bá rán síkẹ́ẹ̀tì náà, tó tẹ Dúdú lọ́wọ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé, yóò wọ̀ ọ́, yóò mọ ohun tó wà lọ́kàn òun, yóò sì di ẹrù rẹ̀. Òun kò ní pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Síkẹ́ẹ̀tì ni yóò jíṣẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń ta aṣọ, òwú, bọ́tìnnì àti síìpù ní ìkángun òpópó náà. Obìnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, Alága wọlé tọ̀ ọ́, ó ní òun ń wá bébà tí wọ́n ya ìlà sí, tí wọ́n ń tẹ́ sórí aṣọ láti fi gé síkẹ́ẹ̀tì.

"Síkẹ́ẹ̀tì àga?" ni Ẹ̀gbọ́n bi í.

"Ti èèyàn ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Èèyàn wo?"

"Dúdú ni."

Ẹ̀gbọ́n yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò ó látòkè délẹ̀. Ó mọ̀ nípa ìwé ọdún méjì náà, Dúdú ti pe òun náà. "Ṣé o ti ní kó máa bọ̀ wálé?"

"Mo ní kó ṣe ohun tó bá dára lójú ẹ̀."

"Háà!" Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Àbúrò mi, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ẹ́?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní bébà."

Ó fún un ní àpòòwé kan tí wọ́n ya àwòrán obìnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ sí lójú, ó bá a wọn aṣọ búlúù kan tó rọ̀ múlọ́múlọ́, ó sì ní kó yáa tètè ṣe é, nítorí nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Dúdú, tó wá kí àwọn òbí rẹ̀, ń padà sí ìlú tí Dúdú wà ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Nọ́ọ̀sì náà ti gbà láti bá a gbé e dé ọwọ́ ìyàwó rẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta yẹn, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ló ṣì kù kí oṣù parí. Àyè pọ̀ bẹẹrẹ.

Alága kì í gbé iṣẹ́ wálé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí, ilé ló ti ṣe é. Ó gbé máṣìn kékeré tó jẹ́ ti Dúdú sórí tábìlì oúnjẹ, ó tú àpòòwé náà. Bébà inú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, ó fẹ̀ tó ibùsùn, ìlà mẹ́fà sì ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lára rẹ̀, ọ̀kan fún tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀kan fún sísanra, àti àwọn tó wà láàárín. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé ìlà. Èwo wá ni ìlà Dúdú nínú wọn? Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n ti fẹ́ra, kò fi téèpù wọ̀n ọ́n rí. Bó bá sì pè é kó wọn ara rẹ̀, àṣírí ti tú nìyẹn.

Ẹ ti gbàgbé pé oníṣẹ́ àga ni. Àga kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀ tó jẹ́ ti Dúdú. Alága fúnra rẹ̀ ló ṣe é, láti ìgbà tí Dúdú sì ti rìnrìn àjò, kò sí ẹni tó jókòó síbẹ̀, Alága pàápàá kò jókòó síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ àga mọ̀ pé ẹni tó bá ti jókòó sójú kan fún ọdún púpọ̀, fóòmù kì í gbàgbé rẹ̀. Alága kúnlẹ̀ níwájú àga náà bí ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa ibi tó tẹ̀ wọ inú, ó wá ibi tí ìdí Dúdú parí sí lápá ọ̀tún, ó wá ti òsì, ó na téèpù, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ṣírò bí yóò ṣe rí ní yíká.

Ìbàdí ló kù. Ìbàdí kì í tẹ fóòmù mọ́lẹ̀. Ó wá ká fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ kan roboto, ó fi okùn dì í, ó gbé e dúró sáàárín pálọ̀, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra. Ó tóbi jù. Ó tú u, ó gé díẹ̀ kúrò, ó tún gbá a mọ́ra. Ó ti wá kéré jù, apá rẹ̀ kọjá ibi tó yẹ kó dé. Ó fi díẹ̀ kún un padà. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó di ojú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sì pàdé níbi tí wọ́n ti máa ń pàdé lẹ́yìn Dúdú. Bó ṣe rí gan-an nìyẹn. Ó yẹ kó fi sílẹ̀ kó sì wọ̀n ọ́n. Kò fi sílẹ̀. Ó dúró síbẹ̀, ó fi àgbọ̀n lé orí fóòmù tó ń rùn fún gọ́ọ̀mù, omi sì lé ròrò sójú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni Ẹ̀gbọ́n ká a mọ́. Ó mú òwú tí Alága gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù òun wá fún un.

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń wọn nǹkan ni."

"Kí lò ń wọ̀n?"

"Ìyàwó mi."

Ẹ̀gbọ́n ti la ẹnu láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó rí ojú rẹ̀, ó pa ẹnu náà dé. Ó gbé òwú sórí tábìlì, ó sì jáde. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí obìnrin yẹn, n ò rò pé ó tíì ṣe irú ẹ̀ rí.

Ìgbà tó wá kan aṣọ gígé ni nǹkan wọ́. Lára bébà náà, wọ́n ya ọfà kan tó dábùú, tó lọ láti igun kan sí igun kejì, èyí tó túmọ̀ sí pé kí wọ́n tẹ́ bébà náà síbùú sórí aṣọ kí wọ́n tó gé e. Alága wo ọfà náà. Ó yí bébà po, ó tún wò ó. Ó pòṣé, ó ní àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ló ṣe àṣìṣe. Kò sí oníṣẹ́ àga tó ń gé aṣọ síbùú! Aṣọ tí wọ́n bá gé síbùú, ńṣe ló máa ń fà, tó bá sì fà lórí àga, á rọ́ jọ, oníbàárà á gbé àga rẹ̀ padà wá, á máa pariwo. Ọdún mẹ́tàlélógún ni Alága ti ń gé aṣọ ní títọ́. Ó tẹ́ bébà náà ní títọ́, ó bá àwọn tó ṣe é tún un ṣe, ó sì gé e.

Kò tán síbẹ̀. Òwú tí wọ́n fi ń rán awọ ló fi rán an, torí kò fẹ́ kó já mọ́ ìyàwó rẹ̀ lára. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ló gbà á kọjá. Nígbà tó kan kó ṣẹ́ etí rẹ̀, ó rán okùn sínú etí aṣọ náà yíká, bó ṣe máa ń ṣe sí etí tìmùtìmù, kí ó lè dúró dáadáa.

Ó dúró lóòótọ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó pe Ẹ̀gbọ́n wá kó bá a dán an wò. Ẹ̀gbọ́n wé e mọ́ ìdí lórí aṣọ tó wọ̀, ó rin ìṣísẹ̀ mẹ́ta, síkẹ́ẹ̀tì náà kò tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ nìkan ló ń lọ nínú rẹ̀. Ó tú okùn rẹ̀, ó rọra gbé e sílẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì náà dúró fúnra rẹ̀ sáàárín pálọ̀. Kò ṣubú o!

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín títí ó fi di inú mú. "Yéè! Ó ku ká gbé tìmùtìmù lé e lórí, ká pe àlejò kó wá jókòó!"

Alága kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo síkẹ́ẹ̀tì náà. "Kí ni mo ṣe tí kò dáa?"

Ẹ̀gbọ́n nu ojú rẹ̀, ó mú bébà, ó fi ìka tọ́ka sí ọfà. "O rí i? Aṣọ tí yóò máa fẹ́ lẹ́lẹ́, síbùú ni wọ́n ń gé e. Àga lo fẹ́ kó jókòó jẹ́ẹ́. Èèyàn ń rìn." Ó wá dẹ ohùn rẹ̀. "Ṣùgbọ́n o ò ní tún un ṣe. Nọ́ọ̀sì ń lọ láàárọ̀ ọ̀la. Ká a, kí o fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Pẹ̀lú bó ṣe rí yìí?"

"Pẹ̀lú bó ṣe rí yìí. Tó bá rí i, á rẹ́rìn-ín, á sì mọ̀ pé ìwọ lo rán an."

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò lè fi iṣẹ́ burúkú ránṣẹ́ sí i."

"Ṣé iṣẹ́ lò ń fi ránṣẹ́ ni?"

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́, ó bú u, ó tún bẹ̀ ẹ́, ó kúkú gbé fóònù fún un pé kó pe ìyàwó rẹ̀ lójú òun kó sọ̀rọ̀ bí èèyàn. Alága ní òun á tún un rán. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, nọ́ọ̀sì náà wọkọ̀, ó lọ, kò gbé nǹkan kan lọ fún Dúdú.

Ó ra aṣọ búlúù míì, èyí tó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí gígé síbùú máa ń jẹ aṣọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó tẹ̀ lé ọfà. Bó ṣe ń gé e, gbogbo ohun tó ti mọ̀ látijọ́ ló ń pariwo sí i létí pé ó ń ba aṣọ jẹ́. Ó fi òwú tó fẹ́lẹ́ rán an, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni abẹ́rẹ́ gba ibì kan kọjá. Aṣọ náà ń yọ̀ lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀, kò gbọ́ràn bí awọ, ó ní láti máa rọra bá a lọ. Ó rán ìbàdí rẹ̀, ó fi ojú ihò kan sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí okùn yóò gbà jáde, ó rán okùn gígùn méjì mọ́ ọn. Nígbà tó gbé e sókè, ó fẹ́ lẹ́lẹ́ fúnra rẹ̀, inú Alága sì dùn bí ọmọdé.

Ẹ̀gbọ́n sọ fún un pé kò tíì gbọdọ̀ ṣẹ́ etí rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n bá gé síbùú, wọ́n ní láti fi kọ́ fún ọjọ́ méjì kó fà dé ibi tó bá fẹ́ fà dé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí rẹ̀ á gùn lápá kan, á kúrú lápá kejì. Alága fi kọ́ sára ilẹ̀kùn yàrá. Ọjọ́ méjì ló fi ń wọlé, ló fi ń jáde níwájú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ti gba ojú fèrèsé wọlé, síkẹ́ẹ̀tì náà á mì. Ní ọ̀sán kan, ó jẹun níwájú rẹ̀ lórí àpótí, ó sì bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń sọ fún un pé olùkọ́ kan gbé àga mẹ́rin wá, pé ìkán ti jẹ ẹsẹ̀ méjì nínú wọn. Irú ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún Dúdú nìyẹn tó bá ti ṣọ́ọ̀bù dé. Oúnjẹ kò wọlé mọ́.

Inú ọjọ́ méjì yẹn náà ni ọjọ́ Àìkú bọ́ sí, Dúdú sì pè.

"Oṣù ti ń parí lọ," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Mi ò tíì fún wọn lésì."

"Má jẹ́ kí wọ́n kán ẹ lójú."

Dúdú mí kanlẹ̀. "Kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?"

Alága gbójú sókè wo ara ilẹ̀kùn. "Nǹkan kan ń bọ̀ lọ́nà," ló wí.

"Nǹkan wo?"

"Wàá rí i."

Ohun tó sọ nìyẹn! Ó tún rò pé òun sọ̀rọ̀ gidi. Dúdú ní ó dáa, pé Màmá ń pe òun, ó sì lọ.

Ó ṣẹ́ etí síkẹ́ẹ̀tì náà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ sókè yíká pẹ̀lú rúlà, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì, ó fi ọwọ́ rán an pọ́nńbélé, torí kò fẹ́ kí ojú máṣìn hàn níta. Iṣẹ́ náà gba odidi ọ̀sán méjì. Ẹ̀gbọ́n wá wò ó, kò rí nǹkan kan bú. Alága lọ̀ ọ́, ó ká a sínú bébà, ó fẹ́ kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí i. Ó jókòó ti bébà kékeré kan fún wákàtí kan gbáko. Ohun tó kọ níkẹyìn ni: "Má ṣe fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́. Okùn apá ọ̀tún ló ń gba ojú ihò kọjá." Ẹ̀yin náà ẹ wò ó! Lẹ́tà ìfẹ́ Alága rèé.

Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, akọ̀wé sọ fún un pé ó lè gba ọjọ́ mẹ́fà, ó sì lè gba ọjọ́ mẹ́wàá. Bó bá gba ọjọ́ mẹ́fà, á dé kí oṣù tó parí. Bó bá gba mẹ́wàá, oṣù ti lọ. Alága yan mẹ́fà. Ó jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìdánilójú ẹni tí wọ́n ti dá lóhùn.

Ó ń retí. Lójoojúmọ́, fóònù wà lórí máṣìn níwájú rẹ̀, bó bá dún, á fa ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣìn kíá. Oníbàárà ni, oníbàárà ni, ọmọbìnrin wọn ni. Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn oṣù bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ náà lọ. Ọjọ́ Àìkú, Dúdú kò pè.

Ọ̀sán ọjọ́ Ajé ló tó pè, lásìkò tí ìyá àgbà máa ń sùn. Alága wà ní ṣọ́ọ̀bù, olùkọ́ tó ni àga mẹ́rin náà sì jókòó sórí ọ̀kan nínú wọn, ó ń dán an wò. Ojú Dúdú yọ lórí fóònù, kò sọ nǹkan kan. Ó gbé fóònù náà ti ibì kan, ó fà sẹ́yìn kí Alága lè rí i tán látòkè délẹ̀, ó sì yí po lẹ́ẹ̀kan.

Síkẹ́ẹ̀tì náà fẹ́ bí ó ṣe yẹ kó fẹ́. Ó tẹ̀ lé e, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dúró lẹ́yìn tí òun ti dúró. Níbi ìbàdí, kò fún un, kò sì tú sílẹ̀. Ó dà bíi pé ara rẹ̀ ni wọ́n rán an sí.

"Ó bá mi mu," ni Dúdú wí. "Ó bá mi mu gan-an. Ta ló fún ẹ ní ìwọ̀n mi? Ṣé Ẹ̀gbọ́n ni?"

"Rárá."

"Ta wá ni?"

Ó wá sọ fún un. Ó sọ bó ṣe kúnlẹ̀ ti àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ó sọ bó ṣe ká fóòmù, bó ṣe gbá a mọ́ra, bó ṣe gé e, bó ṣe fi kún un títí ọwọ́ rẹ̀ fi pàdé. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò pẹ́. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Alága."

"Dúdú mi."

"Mo ti fọwọ́ sí i."

Alága kò gbọ́ ohùn ọkọ̀ níta mọ́.

"Lọ́jọ́ Ẹtì," ni Dúdú ń bá ọ̀rọ̀ lọ. "Wọ́n gbé ìwé náà wá láàárọ̀, mo ní kí wọ́n fún mi di ìrọ̀lẹ́. Fóònù ò kúrò lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà. Mo ní bí o bá pè báyìí, bí o bá sáà sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, mi ò ní fọwọ́ sí i. O ò pè. Àárọ̀ òní ni wọ́n gbé èyí dé."

"Ó wà lọ́nà nígbà yẹn," ni Alága wí. "Ó ti wà lọ́nà."

"O mọ ìbàdí mi láìfi téèpù kàn mí," ni Dúdú wí, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. "O ò wá mọ̀ pé mò ń dúró dè ẹ́?"

"Mo rò pé ibẹ̀ ti mọ́ ẹ lára ni."

"Èmi náà rò pé àìsínílé mi ti mọ́ ẹ lára."

Olùkọ́ dìde wọ́ọ́rọ́wọ́ lórí àga rẹ̀, ó bọ́ síta. Alága kò tilẹ̀ rí i. Ó ń wo ìyàwó rẹ̀ nínú síkẹ́ẹ̀tì búlúù, ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ láti oṣù tó kọjá sì jáde bó ṣe rí, kò gbóná, kò tutù, kò tilẹ̀ dára létí.

"Máa bọ̀ wálé," ló wí.

"Ọdún méjì ni mo fọwọ́ sí, Alága."

"Mo gbọ́. Máa bọ̀ wálé. Àárò ẹ ń sọ mí. Ó ti ń sọ mí láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ẹ ti gbéra. Mi ò kì í jẹun lórí tábìlì mọ́. Mi ò fẹ́ kí o wà níbẹ̀ ní ọjọ́ kan sí i. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mi ò ti fẹ́ kí o lọ."

Dúdú rọra jókòó sétí ibùsùn. Ó kó síkẹ́ẹ̀tì náà jọ sórí orúnkún rẹ̀ kí ó má bàa wọ́lẹ̀.

"Tún un sọ," ló wí.

Ó tún un sọ.

"Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Iye ìgbà tí Alága sọ ọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ju iye ìgbà tó ti sọ ọ́ rí láyé rẹ̀ lọ, títí ìyá àgbà fi jí ní yàrá kejì, tí Dúdú sì ní láti dìde lọ fún un lómi.